Ta Ló Fi Làpálàpá Sára Ọ̀dúndún Mi?

Ìyá ilé kejì ló kọ́kọ́ rí i. Ó wá gba abọ́ tó fi gbé mọ́ínmọ́ín wá fún wa lọ́jọ́ Àìkú, ó dúró lẹ́bàá fèrèsé pálọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wo ewé tí mo gbìn sínú ike, ó ní, "Dádì, làpálàpá ti mú ọ̀dúndún yín o." Mo fi rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó gba abọ́ rẹ̀ lọ tán ni mo wọ jígí ìkàwé mi, mo sún mọ́ ọn, ẹ̀rín bá tán lẹ́nu mi.

Ewé mẹ́fà ìsàlẹ̀ ló ní in. Lójú ewé, kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Àmì pupa rúsúrúsú kan wà níbí, òmíràn wà lọ́hùn-ún, bí ìgbà tí epo bá ta sí aṣọ funfun tí wọ́n fọ̀ ọ́ tí kò ṣí tán. Mo wá yí ewé kan dojú dé. Ẹ̀yìn rẹ̀ rí ṣákiṣàki bí ara ọ̀pọ̀lọ́. Kókó wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀ tò lọ láti ìdí ewé títí dé etí rẹ̀. Mo fi èékánná ha ọ̀kan níbẹ̀. Kò ṣí, omi kankan kò sì jáde. Ó le bí èépá ojú egbò tó ti jinná.

Ọwọ́ ìyá mi ni mo ti rí ọ̀dúndún yìí. Ẹ̀yìn ilé ìdáná wọn l'Óǹdó ló wà nígbà tí a wà ní kékeré. Bí etí bá ń ro ọmọ, ìyá mi á já ewé kan, á fi ra iná, á fún omi rẹ̀ sí i létí. Bí ikọ́ ni, á fún un sí ṣíbí pẹ̀lú oyin. Ọdún tí a ta ilé náà ni mo gé ẹ̀ka kan, mo fi bébà ìròyìn wé e, mo gbé e wọ mọ́tò wá sí Ìbàdàn. Ike ọ̀dà oní-lítà mẹ́rin tí àwọn akunlé fi sílẹ̀ ni mo gbìn ín sí. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti jí láàárọ̀ tí mo ti fọnu, ife omi kan ni tèmi, ife omi kan ni tirẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé kí n wá oògùn. Mo ya fọ́tò ewé náà, mo lọ bá ọmọkùnrin kan tó ń ta òdòdó létí títì. Kò wo fọ́tò náà tó ìgbà téèyàn fi ń ṣẹ́jú. "Dádì, kòkòrò ni. Kòkòrò burúkú ni. Ẹ da èyí sí i." Ìgò tó nà sí mi kò ní orúkọ lára, òórùn tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ sì dà bí èyí tí wọ́n fi ń pa aáyán. Bí kì í bá ṣe ohun tí ojú mi ti rí lọ́dún tó ṣáájú, èmi ì bá rà á. Lọ́dún yẹn, mo rí ohun funfun kan lára àbámodá mi, mo po ìyẹ̀fun ọṣẹ ìfọṣọ mọ́ omi, mo sì fi fọ ewé rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ọjọ́ kẹta ni gbogbo ewé náà dúdú bí ẹni pé wọ́n bọ̀ ọ́ lómi gbígbóná. Irú àwọn ewé olómi báyìí ní ọ̀rá tín-ín-rín kan lójú tó ń bò wọ́n. Ọṣẹ ìfọṣọ a máa bó o kúrò, oòrùn á wá ṣe ìyókù. Èmi ni mo pa àbámodá yẹn. Ohun funfun tí mo rí kò tíì ṣe é ní nǹkan kan.

Nítorí náà mo dá owó mi padà sápò, mo wá ìjókòó sẹ́bàá fèrèsé.

Àmì ara ewé kì í ṣe orúkọ àrùn. Ara ọmọ gbóná, ibà lè ni, eyín tó ń hù lè ni, aṣọ òtútù tí wọ́n wọ̀ fún un lọ́sàn-án gangan lè ni. Ìyá tó bá gbọ́n á kọ́kọ́ wo ọmọ náà kó tó sáré lọ síbi oògùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ewé. Ohun mẹ́sàn-án mẹ́wàá ló lè fi àmì sí i lára, ìdajì wọn ni kò sì jẹ mọ́ kòkòrò tàbí àrùn rárá. Ìbéèrè tí mo wá rí pé ó ń là mí lójú jù ni pé: ṣé àmì náà ń gun òkè? Ewé ìsàlẹ̀ ló dàgbà jù, ewé orí ni ọmọ tuntun. Bí ewé orí bá mọ́ tónítóní, tí àwọn ti ìsàlẹ̀ nìkan sì ní àpá, ohun tó ṣẹlẹ̀ ti lè kọjá lọ, ó kù kéèyàn mọ̀ ọ́n kó má tún ṣẹlẹ̀ mọ́. Bó bá ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀ wá sókè lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, a jẹ́ pé nǹkan kan wà láàyè níbẹ̀ tó ń rìn.

Ẹ̀gbẹ́ ewé tí àmì wà náà ní ohun tó ń sọ. Àmì tó jẹ́ pé ojú ewé tó kọ sí oòrùn nìkan ló wà, tó kọ́kọ́ funfun kó tó gbẹ bíi bébà, oòrùn ló jó o. Ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí ewé tó ti pẹ́ nínú pálọ̀ tí wọ́n ṣàdédé gbé síta lọ́sàn-án. Kò ní oògùn, kò sì ní ràn. Èyí tó bá ṣeé fi èékánná ṣí kúrò bí ìpẹ́ ẹja, kòkòrò ni. Ó lẹ̀ mọ́ ewé, ó ń fa omi rẹ̀ mu. Èyí tó bá dà bí òwú nígun tí ewé ti so mọ́ igi, kòkòrò ni òun náà, èèrà tó ń rìn lọ rìn bọ̀ lára igi ló sì máa ń tú u fó, nítorí ìgbẹ́ kòkòrò yẹn dùn lẹ́nu èèrà, òun náà á sì máa ṣọ́ ọ bí Fúlàní ṣe ń ṣọ́ màlúù. Bó bá jẹ́ pé ewé tuntun ló ń hù pẹ̀lú òrùka tàbí àbàwọ́n àwọ̀ ewéko àti ìyeyè nínú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn fáírọ́ọ̀sì tó ń bá irú ewé yìí jà. Ìyẹn kò gbóògùn. Kéèyàn kó o dànù kó má baà ran èyí tó kù ló dáa jù.

Ọ̀dúndún tèmi kò bá ìkankan nínú wọn mu. Ẹ̀yìn ewé ni kókó rẹ̀ wà, kò ṣeé ṣí, ewé orí sì ń dán gbinrin.

Kí n tó sọ ohun tó ṣe é, ẹ jẹ́ kí n ya bàrá díẹ̀ lọ sí Íńdíà. Onímọ̀ ewéko kan tó ń jẹ́ Benjamin Heyne ń gbé níbẹ̀ ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Ó máa ń jẹ ewé àbámodá lẹ́nu. Ó ṣàkíyèsí pé láàárọ̀ kùtù, ewé náà kan. Tó bá di ọ̀sán, kò ní adùn kankan mọ́. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ó ti fẹ́ máa korò. Ó kọ ọ́ sí lẹ́tà, ẹgbẹ́ onímọ̀ tó ń jẹ́ Linnean Society ní Lọ́ńdọ̀nù sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1815. Ó pẹ́ kí ayé tó mọ ìdí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ewé ló ń la ihò imú wọn lọ́sàn-án. Àbámodá, ọ̀dúndún àti àwọn ẹbí wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òru ni wọ́n ń mí, kí oòrùn má baà gbẹ omi inú wọn. Wọ́n á fa afẹ́fẹ́ tí wọ́n nílò wọlé lóru, wọ́n á sọ ọ́ di ohun kíkan, irú èyí tó wà nínú àpù, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bí oòrùn bá ti yọ, wọ́n á pa ilẹ̀kùn dé, wọ́n á máa fi í se oúnjẹ. Ìdí nìyẹn tó fi ń kan láàárọ̀ tí kì í kan lọ́sàn-án. Orúkọ ìdílé wọn, Crassulaceae, ni wọ́n fi sọ ọgbọ́n yìí. (Èmi náà fẹ́ tọ́ ọ wò láàárọ̀ ọjọ́ kan. Mo rántí pé àbámodá ní ohun kan nínú tó máa ń pa màlúù tó bá jẹ ẹ́ jù, mo fi ẹnu mi sílẹ̀.)

Ewé tó ń ṣọ́ omi lò báyìí, ewé ilẹ̀ gbígbẹ ni. Ìyá mi kì í bomi rin tirẹ̀. Mo jókòó, mo ronú títí, mi ò rántí ọjọ́ kan tí mo rí i tó gbé korobá síbẹ̀. Òkúta àti èérú ìdí ààrò ni ọ̀dúndún yẹn ń gbé, ó sì ga tó mi lórúnkún. Èmi ni mo gbọ́ pé ewé tútù ni, ewé ẹ̀rọ̀, èyí tí a fi ń tu nǹkan lójú. Ọba tó wà lórí oyè l'Ákùúrẹ́ láti 2015 pàápàá, Ọ̀dúndún Kejì ni orúkọ tó fi jọba. Mo wá rò ó lọ́kàn ara mi pé ohun tó tutù tó báyìí, omi ni yóò máa pòùngbẹ. Mi ò mọ̀ pé ó tutù nítorí pé omi ti kún inú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni.

Oṣù kẹfà sì ni a wà, òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́. Gbòǹgbò wà nínú ilẹ̀ tó rin gbingbin, ó ń fa omi sókè. Alẹ́ tó yẹ kí ewé rí ibi tú díẹ̀ dànù nínú omi yẹn, afẹ́fẹ́ òru fúnra rẹ̀ ti kún fún omi, kò gba òmíràn. Omi ń wọlé, kò jáde. Àwọn yàrá kéékèèké inú ẹ̀yìn ewé bẹ̀rẹ̀ sí í wú, wọ́n bẹ́, ojú ibi tó bẹ́ sì gbẹ di èépá. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní oedema. Kò sí kòkòrò níbẹ̀, kì í ran ewé mìíràn. Ìtọ́jú àṣejù ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ṣé ó dá mi lójú? Kò dá mi lójú tó bẹ́ẹ̀, nítorí mo tún ní àbámodá tuntun kan ní bárándà, ibi tí ẹnu ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ti ń kán sí, òun náà sì ti ń yọ àmì. Tirẹ̀ yàtọ̀. Ó rí roboto, ó jin wọnú bí ibi tí wọ́n fi ìka tẹ̀, àárín rẹ̀ dúdú, etí rẹ̀ pọ́n, ó sì ń gun òkè. Mo wá ṣe ohun kan tó ṣeé ṣe nílé ẹnikẹ́ni. Mo já ewé kan lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ṣan wọ́n, mo tẹ́ tíṣù tó tutù sínú ike bọ́tà méjì, mo kó wọn sí i lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, mo dé e, mo gbé e sórí firíìjì. Nǹkan tó ń mú búrẹ́dì bu kò lè fara pa mọ́ nínú irú ibi tó rin tó sì móoru bẹ́ẹ̀. Bó bá wà nínú ewé, á jáde.

Lọ́jọ́ kẹta mo ṣí i. Ti ọ̀dúndún wà bí mo ṣe fi í síbẹ̀, èépá rẹ̀ gbẹ síbẹ̀síbẹ̀. Ti àbámodá ni kí ẹ wò! Láàárín àmì kọ̀ọ̀kan ni nǹkan ti hù jáde tó-tò-tó, aláwọ̀ bí omi ata tí wọ́n bu mílíìkì sí, ó ń yọ̀ bí ọ̀dà tí kò tíì gbẹ. Mo fi fóònù ya á, mo fẹ̀ ẹ́ lójú, mo sì mọ̀ ọ́n. Àwọn olú tín-ín-tìn-tín tí wọ́n ń pè ní Colletotrichum ló máa ń yọ irú ọmọ yẹn. Ẹbí wọn ló ń sọ ewé ewùrà di dúdú lóko lákòókò òjò, tí gbogbo ìtàkùn á fi dà bí èyí tí iná rà. Àwọn náà ló ń fi àmì dúdú sára máńgòrò tó ti pọ́n. Omi tó ń ta sókè láti ara ewé kan sí òmíràn ló ń gbé wọn rìn. Ẹnu ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ tí mo gbé e sí, ilé ìtura ni fún wọn. Kí n má pa irọ́, ewé tó ti kú ṣáá á máa hu nǹkan bó bá pẹ́ nínú ike, nítorí náà ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún ni kéèyàn wò ó, kí ó má sì jẹ́ kó rà.

Ọmọ olóko kòkó ni mí, mo mọ ohun tí bàbá mi ì bá ṣe. Á po oògùn aláwọ̀ búlúù nì, èyí tó jẹ́ bàbà àti ẹfun, sínú dúrọ́ọ̀mù, á gbé ẹ̀rọ ìfọ́nkòkó kọ́ ẹ̀yìn. Oògùn yẹn ní ìtàn. Ní ilẹ̀ Faransé, ní agbègbè Bordeaux, àwọn olóko àjàrà kan ń wọ́n ọn sára ewé tó wà lẹ́bàá ọ̀nà kí ẹni tó ń kọjá lọ má baà ká èso wọn jẹ. Ààlè ni wọ́n fi ṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan, Millardet, ló kíyè sí i pé àrùn tó ń pa àjàrà tó kù kò kan àwọn tẹ̀bá ọ̀nà yìí, ó sì kéde rẹ̀ ní 1885. Láti ibẹ̀ ló ti dé oko kòkó tiwa. Àmọ́ ohun méjì ló ní kí n má lò ó. Àkọ́kọ́ ni pé bàbà kì í wo ewé tó ti ní àmì sàn. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni, olè tó ti wọlé kọjá agbára rẹ̀. Èkejì ni pé ewé tí mo lè fún omi rẹ̀ sétí ọmọ-ọmọ mi lọ́la, mi ò lè fọ́n irú ohun bẹ́ẹ̀ sí i lára lónìí. Ìgò aláìlórúkọ ti etí títì ńkọ́? Bó bá jẹ́ dichlorvos ni, bó ṣe ń rùn yẹn, oògùn tí NAFDAC ti fòfin de ìgò kéékèèké rẹ̀ ni, kò sì yẹ kó wọ pálọ̀ ẹnikẹ́ni.

Síṣọ́ọ̀sì ni mo mú. Mo fi sípírítì nù ún, mo gé gbogbo ewé àbámodá tó ní àmì, mo ń nù ún láàárín ewé kan sí èkejì, mo kó wọn sínú lailọ́ọ̀nù, mo so ó, mo sọ ọ́ sí ààtàn. Mo gbé ike náà kúrò ní ẹnu ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ bọ́ sí abẹ́ òrùlé, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Kò sí omi tó kàn án lójú ewé mọ́. Mo tún já ewé méjì tó mọ́ láti orí rẹ̀, mo fi wọ́n sórí àwo lásán lórí tábìlì. Ẹni tó bá mọ àbámodá mọ ohun tó tẹ̀lé e: láìsí ilẹ̀, láìsí omi, gbòǹgbò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láti etí ewé, ọmọ wẹ́wẹ́ tẹ̀lé e. Bí ìyá bá kú, mo ti ní ọmọ mẹ́sàn-án.

Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àbúrò mi obìnrin tó wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi wo tèmi náà." Jade ló ní, igi kékeré ẹbí ọ̀dúndún tó ti Gúúsù Áfíríkà wá, tí ewé rẹ̀ nípọn bí owó ẹyọ. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́. Tó-tò-tó funfun ló kún ojú ewé, ó tò bí ìgbà tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ lu ú. Ó ti ra oògùn kòkòrò oríṣi méjì sílẹ̀. Mo ní kó fi aṣọ tó tutù díẹ̀ nù ún. Ó nù ún, ó ṣí kúrò. Ewé jade ní ihò wẹ́wẹ́ lójú tí omi máa ń gbà jáde. Omi ẹ̀rọ Lọ́ńdọ̀nù sì le, ẹfun pọ̀ nínú rẹ̀, bẹ́ ẹ bá wo inú kẹ́tùlù wọn ẹ ó rí i. Omi gbẹ, ẹfun ṣẹ́kù. Ó dá oògùn méjèèjì padà sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì fún un lówó rẹ̀, ohun tó yà mí lẹ́nu jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

Àbúrò mi náà ló sọ fún mi pé obìnrin ará Bahia kan tó mọ̀ rí ọ̀dúndún nínú fọ́tò mi, ó pe orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà ní Brazil ń pe ewé ìdílé yìí ní ọ̀dúndún àti àbámodá títí dòní. Àwọn ará ìlú sì ń pe òmíràn nínú wọn ní folha-da-costa, ewé Etíkun, Etíkun ọ̀dọ̀ wa níbí ni wọ́n ń wí.

Fún àwọn tí kòkòrò òwú bá ń dà láàmú: ẹ fi òwú etí bọ sípírítì, ẹ fi kan kòkòrò náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára ewé kan ṣoṣo, ẹ dúró di ọjọ́ kejì. Òróró dóńgóyárò dáa fún òun àti fún ìyẹ̀fun funfun tó máa ń bo ewé nígbà ọyẹ́, àmọ́ ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ lò ó, kí oòrùn má baà bá a lára ewé. Imí ọjọ́ náà ń ṣiṣẹ́ fún ìyẹ̀fun yẹn. Nínú ooru tiwa yìí, ó lè jó ewé ju àrùn náà lọ, mi ò sì ní lò ó láé lẹ́yìn tí mo bá ti fi òróró sí i.

Ọ̀dúndún ni mo fi parí iṣẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo yọ ọ́ kúrò nínú ike ọ̀dà, mo sì rí ohun tó ti yẹ kí n rí láti ọjọ́ pípẹ́: ike náà kò ní ihò kankan nísàlẹ̀. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ń rùn bí ẹrẹ̀ gọ́tà. Gbòǹgbò mélòó kan ti rà, mo gé wọn. Mo ki ìṣó bọ iná títí ó fi pọ́n, mo fi lu ihò méje sí ìdí ike. Mo po iyanrìn ìdajì, ilẹ̀ ìdajì, mo fọ́ èédú díẹ̀ sí i, mo gbìn ín padà, mi ò sì bu omi sí i fún ọjọ́ mẹ́jọ. Lọ́jọ́ kẹrin, ìyàwó mi bi mí bóyá mo ń bá ewé náà jà ni.

Èyí ti di oṣù mẹ́ta. Ewé mẹ́jọ tuntun ló ti hù, ẹ̀yìn wọn jọ̀lọ̀. Àwọn ti àtijọ́ ṣì ní ara ọ̀pọ̀lọ́ wọn, nítorí ojú àpá kì í jọ ojú ara. Méjì nínú wọn ti fúnra wọn já bọ́. Ìyá ilé kejì kò tíì gbà fún mi. Lójú tirẹ̀, mo ti rí babaláwo kan ni, n kò fẹ́ sọ.

Láàárọ̀ yìí, lẹ́yìn tí mo fọnu tán, mo bu ife omi méjì bí ìṣe mi. Mo mu ọ̀kan. Mo ki ìka bọ ilẹ̀ inú ike dé oríkèé kejì. Ó ṣì tutù nísàlẹ̀. Mo gbé ife kejì padà sí kíṣìnì.